Kọ̀ǹpútà Kìtán Kò Tíì Kú

Òdòṣìdà, Oǹdó,
Ọ̀sán Sátidé.

Ìyanuolúwa ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó má bá ọ lórí ìrìn, torí ó gùn díẹ̀, ẹni tó bá sì ń ka ohun gígùn lórí ìrìn ní Àkúrẹ́, ọ̀kadà ni yóò gbá a. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, àbí tíì lásán ni o ṣì ń mu? Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí òjò ọdún yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi fẹ́ẹ́ dá, òun náà ni yóò mú ẹ̀ẹ̀rùn bá wa láyọ̀. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ kan kò ní yọ̀. Ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Àlàáfíà ni a wà nílé. Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ṣì ń dùn ún, ó ní òjò ló fà á, nígbà tí òjò wá dá, ó ní ìkùukùu ló fà á. Ìkùukùu pọ̀ lóòótọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a kì í rí ilé Ṣàkírátù ní òdìkejì títì, ohùn rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́ tó ń kí wa láti inú funfun, àwa náà á dáhùn sínú funfun, kò sẹ́ni tó rí ẹnì kejì. O rántí Ṣàkírátù, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta àlùbọ́sà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbọ́ èdè Oǹdó ju àwọn ọmọ Oǹdó mìíràn lọ. Kòkó tí a sá kò tíì gbẹ, òórùn rẹ̀ ti wọ inú aṣọ, ó ti wọ inú ìrọ̀rí, mo rò pé ó ti ń wọ inú àlá mi pàápàá. Ewúrẹ́ rẹ tó ní funfun níwájú orí ti bí méjì, abo ni àwọn méjèèjì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ ìkórè, mo ní mo ti dàgbà jù, wọ́n ní ìdí tí àwọn fi yàn mí gan-an nìyẹn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí mo rí ojú rẹ nínú kọ̀ǹpútà Kìtán bí mo ṣe máa ń rí i lẹ́yìn ìsìn, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Yàbá ní Oǹdó níhìn-ín, níbi tó ti ń tẹ ìwé fún ṣọ́ọ̀ṣì wa, o sọ fún mi pé ètò tuntun tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ti jáde, pé ti àtijọ́ ti fẹ́ kógbá wọlé, pé gbogbo ọ́fíìsì tí o ń bá tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alágbàka ní Àkúrẹ́ ló ń pariwo lé ọ lórí, àti pé o ò ní lè wálé títí o fi máa kó gbogbo wọn bọ́ sínú tuntun. Mo ní kò burú. Mo rí i lójú rẹ pé ó ti rẹ̀ ọ́, mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún un.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún bàbá rẹ pé ètò tuntun ti wọlé, àtijọ́ ń jáde lọ. Ó bi mí pé ta ló dìbò. Mo ní kò sẹ́ni tó dìbò. Ó ní ohun tó ń fa ariwo nìyẹn. O mọ̀ pé kò tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kìtán rí, ó ní òun kì í wo ọmọ òun nínú àpótí, ẹnu ọ̀nà ni ọmọ ń gbà wọlé. Síbẹ̀, kí n tó tú gèlè lórí, yóò ti máa bi mí pé aṣọ wo lo wọ̀, ṣé o rù ni àbí o sanra, ṣé o rẹ́rìn-ín. Màá rò ó fún un títí tí yóò fi sùn lọ lórí àga.

Ariwo tí o sọ yẹn ti dé Oǹdó o. Ní Yàbá, àwọn kan ní tuntun yìí dára, àwọn kan ní kí wọ́n dá tiwọn padà fún wọn. Tíṣà Akínwùmí tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun fún, sọ pé ibi tí èèyàn ti kọ́kọ́ ń tẹ̀ kí ó tó rí ohunkóhun ṣí, nísàlẹ̀ lápá òsì ló wà láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ti wá gbé e sí àárín. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó jí tí kò bá ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ níbi tó wà lánàá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kòkó ní òun ò ní gbà, ọwọ́ òun ti mọ ọ̀nà òsì, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sí òsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún tí bàbá rẹ gbé ilé ìdáná wa kúrò lẹ́yìn ilé wá sí ẹ̀gbẹ́, kò bi mí, ó ní òun fẹ́ kí ó yà mí lẹ́nu. Ó yà mí lẹ́nu. Fún odidi oṣù kan ni mo fi ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ sí ibi tí iná ò sí mọ́, màá gbé e kalẹ̀ sórí erùpẹ̀, màá sì dúró tì í pé kí ó hó. Nítorí náà, tí àwọn ará Alágbàka bá ń bú ọ, má fún wọn lésì. Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń bú, ibi tí iná wọn wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri.

Nígbà tí mo lọ tọrọ iyọ̀ nílé Tíṣà, ó ní kí n wọlé wá wo tuntun náà. Ìyanu, ó rẹwà. Nígbà tí ó tàn án, aṣọ aláró kan ló jáde sójú rẹ̀, tó ń ṣí láti inú ara rẹ̀ bí òdòdó tó fẹ́ là tí kò sì là tán, ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, búlúù nínú búlúù. Mo dúró níbẹ̀ títí tí mo fi gbàgbé pé iyọ̀ ni mo wá tọrọ. Mo béèrè pé aṣọ ta ni, Tíṣà ní àwòrán lásán ni. Mo ní ẹni tó bá lè rẹ aṣọ láró báyìí, kò lè jẹ́ èèyàn burúkú. Tíṣà tún ní kọ̀ǹpútà náà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ẹni tó ni ín bá ń sùn, tí onítọ̀hún bá fi máa jí, yóò ti yàtọ̀ sí ti àná. Mo ní bí ọmọ ọwọ́ pàápàá ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ó tún sọ ọ̀kan tí mo gbé lọ fún bàbá rẹ. Ó ní tuntun yìí, a kì í fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ojú ẹni tó ni ín ló máa wò, tó bá dá a mọ̀, á ṣílẹ̀kùn fún un. Bàbá rẹ gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Lẹ́yìn náà ó ní, tí ojú onítọ̀hún bá ti yí padà kó tó dé ńkọ́? Bí ìwọ bá mọ èsì rẹ̀, jọ̀wọ́ sọ ọ́ fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni mo wá lọ sí Yàbá láti ra kẹrosínì. Ibi tí mo ti ń bọ̀ ni mo ti rí ṣọ́ọ̀bù Kìtán. Ilẹ̀kùn irin rẹ̀ wà ní ìdajì. Kìtán fúnra rẹ̀ jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ lẹ́rán. Àwọn èèyàn dúró yí i ká, wọ́n ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀kan ní ó gbìyànjú, òmíràn ní ọdún mẹ́wàá tó fi sìn wá kì í ṣe kékeré, obìnrin kan ní àwọn tó ṣe é l'Amẹ́ríkà náà ti kéde rẹ̀. Kí ìwọ náà sọ òtítọ́, ọmọ Oǹdó wo ló máa rí ilẹ̀kùn ìdajì àti ọwọ́ lẹ́rán, tí kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Gèlè pupa ló wà lórí mi, a kì í fi gèlè pupa kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Mo yí padà sílé, mo wé dúdú, mo pe Ṣàkírátù, òun náà fi ìborùn dúdú borí, a kọrí sí Yàbá láti lọ bá Kìtán dárò kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó kú.

Lójú ọ̀nà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀ ni, a ó ní kí Ọlọ́run fi mọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ òkú àgbà ni, a ó ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ṣàkírátù ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀fọ̀ ni. Mo ní ajá ọmọ ọdún mẹ́wàá, bàbá àgbà ni. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe ajá. Mo ní kì í ṣe èèyàn náà. Ìkùukùu tún ti ń sọ̀kalẹ̀, a ò rí iwájú dáadáa, àfi bíi pé títì náà ń gùn sí i bí a ṣe ń bá ara wa jiyàn, a sì débẹ̀ láì tíì yanjú rẹ̀.

Àwọn èèyàn ti lọ. Mo dúró níwájú Kìtán, mo sì ní kí Ọlọ́run tù ú nínú. Ó wo gèlè mi, ó wo ìborùn Ṣàkírátù, ó sì yé e. Ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ ilé ni Kìtán, kò rẹ́rìn-ín. Ó nu bẹ́ǹṣì fún wa, ó gbé omi tútù wá, ó gbé ilẹ̀kùn irin sókè kí a lè rí inú. Kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀ lórí tábìlì, ó tàn, ó ń mí bó ṣe máa ń mí. Kìtán wá sọ fún mi pé:

"Kò tíì kú, màmá. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ti dàgbà ni, kò lágbára tó máa fi gba tuntun. Ohun tí wọ́n kéde ni pé àwọn tó ṣe é ò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Tí nǹkan bá ṣe é látòní lọ, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè."

Èmi àti Ṣàkírátù wo ara wa. Ìyanu, kò sí ohun tí a kì í kí nílẹ̀ yìí. À ń kí ẹni tó ń wẹ̀, à ń kí ẹni tó ń dirun, à ń kí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ẹni tó wà láàyè, tó ń mí, tí àwọn tó ni ín ò yà wò mọ́, kí là ń kí i? Mo wá a nínú orí mi, mi ò rí i. Kìtán náà dúró bí ẹni tó ń retí rẹ̀. Ṣàkírátù tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ kú ojú lọ́nà." Kìtán ló kí, kọ̀ǹpútà ló kọjú sí. Kìtán dáhùn pé ó ṣeun.

Ó wá sọ fún wa pé òun máa ti ṣọ́ọ̀bù náà pa tí oṣù bá parí. Òun ò lówó kọ̀ǹpútà tuntun, àwọn èèyàn sì ti ń bẹ̀rù láti kó iṣẹ́ wọn sínú àtijọ́. Ó máa lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjàrè kí wọ́n jọ máa sin adìyẹ. Mo bi í pé níbo ni èmi yóò ti máa rí ọmọ mi. Ó wo ilẹ̀. Ó ní kí n má bínú.

Mo ní kí ó bá mi wá ọ nígbà tó ṣì wà. Ó tẹ orúkọ rẹ. Òrùka kékeré funfun kan jáde, ó ń yí, ó ń yí, Kìtán ní bóyá o wà lẹ́nu iṣẹ́, kí a fún un láyè díẹ̀. Ṣàkírátù lọ wo àlùbọ́sà rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo òrùka náà, ó ń yí bí ẹni pé ó ń lọ síbì kan, oorun ọ̀sán sì gbé mi lọ lórí àga.

Mo rí Àkúrẹ́. Ìkùukùu bò ó, kò sí ariwo mọ́tò, kò sí ohùn kankan. Àwọn èèyàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ru kọ̀ǹpútà àtijọ́ lórí bí ẹni ru ẹrù ìkórè lọ sílé Olúwa, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn wà. Ìwọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kan, o wọ funfun, aṣọ aláró yẹn ń ṣí lẹ́yìn rẹ. Ẹni tó bá dé iwájú rẹ, o máa wò ó, àwọn kan wọ inú aṣọ náà lọ, àwọn kan yí padà láìjà. Mo wá rí bàbá rẹ lórí ìlà. Kò ru nǹkan kan. Ọ̀pá rẹ̀ nìkan ló mú dání. Ó ti dé iwájú rẹ, o sì wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó wà lọ́nà jíjìn. O ní, "Ẹ má bínú, bàbá, agbára yín ò lè gba tuntun." Ọ̀wọ̀ ni o fi sọ ọ́. Bàbá rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ó sì yí padà. Ọpẹ́ tó dá yẹn ló jí mi.

Nígbà tí mo lajú, òrùka náà ṣì ń yí. Kìtán ti fi aṣọ bò mí lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé àlá ọ̀sán kì í nítumọ̀, mo sì mọ̀ pé o ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ láé. Síbẹ̀ inú mi bàjẹ́, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé kò bàjẹ́. Àárò rẹ ń sọ wá. Àtìgbà tí o ti wálé kẹ́yìn, ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ní ọmọ ọwọ́ ti bímọ. Oǹdó sí Àkúrẹ́ kò tó ohun tí èèyàn ń di ẹrù lé lórí.

Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni bàbá rẹ bi mí bóyá Kìtán bá mi wá ọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní aṣọ wo lo wọ̀. Mo ní búlúù. Ó ní búlúù máa ń yẹ ọ́ láti kékeré. Ó ní ṣé o rẹ́rìn-ín, mo ní o rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì lè jẹ́wọ́ fún un. Ìwọ ló máa wá bá mi sọ ọ́ di òtítọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó báyìí, torí ìyá tí kò bá tọrọ owó, ọmọ rẹ̀ á rò pé ó ń ṣàìsàn ni. Bàbá rẹ nílò òróró tí wọ́n fi ń pa orúnkún. Owó ìkórè tí ìgbìmọ̀ dá lé wa kò tíì pé, ojú sì ń tì mí, èmi tí mo wà nínú ìgbìmọ̀. Páànù ilé ewúrẹ́ náà ti ṣí. Àmọ́ má fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mọ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin oní-POS ní ó ti wọlé. Mo bi í pé ibo ló gbà wọlé, torí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo dúró sí, mi ò rí ohunkóhun tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fún mi lówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ẹlòmíràn ni mo rò pé mo gbà, mo ná an pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Tìrẹ yìí, di í sí etí ìró, wọ mọ́tò, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé e lé bàbá rẹ lọ́wọ́. Tí ó bá kéré, kò burú. Tí kò bá sí rárá, ṣáà wọ mọ́tò.

Adélaní, dírẹ́bà tó ń ná Àkúrẹ́, ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bàbá rẹ ló ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé, ó ní ìwé kì í béèrè bóyá èèyàn ti dàgbà jù kí ó tó ṣí.

Ọlọ́run á fún àwọn ará Alágbàka ní sùúrù, á sì fún ọ ní tìrẹ. Ọwọ́ rẹ á dá ohun àtijọ́ mọ̀, á sì mọ tuntun lò. Wọn kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí agbára rẹ bá ń dín kù. Àwọn ọmọ tí ìwọ náà máa bí á máa yà wò ọ́ láìsí pé a ránṣẹ́ pè wọ́n. Oòrùn á ràn sí ọ lára, òjò á rọ̀ sí ọ lóko, wàá sì dàgbà, wàá gbó, a ó rí ẹni dúró tì ọ́.

Èmi ni yèyé rẹ ní Oǹdó.

Mo ti ká ìwé yìí kí n tó tún un tú, kí n lè fi èyí kún un. Láti Ọjọ́bọ̀ ni bàbá rẹ ti gbé àga rẹ̀ wá sí iwájú ilé, ó kọjú sí títì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo bi í, ó ní afẹ́fẹ́ ni òun ń gbà. Ìyanu, ẹ̀yìnkùlé ni afẹ́fẹ́ wà nílé wa.